Ìwé Ìròyìn Orí Àjà

Líìdì, Ìlú Òyìnbó
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta, ọdún 1983

Bàbá mi,

Ẹ kú àárò mi, ẹ kú ìdáwà, ẹ kú ìnáwó oko. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì kí n tó mú bírò, nítorí náà ẹ má sọ pé òyìnbó ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi kí Bùrọ̀dá Ọ̀ṣẹ́nì tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Bùrọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ ẹnu, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Bí Ọlọ́run kò bá fi ọmọ àbúrò Bàbá ṣe akọ̀wé, ta ni ì bá dúró láàárín àwa méjèèjì?

Bàbá, òtútù ibí kì í ṣe ọyẹ́ o. Ọyẹ́ a máa dé, a sì máa lọ. Tibí ti kọ́lé síbí. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì mi ń lọ, ara mi sì le. Ohun tó ń dùn mí ni pé etí mi di sí ilé. Ìwé ìròyìn tiwọn ń jáde láràárọ̀, wọ́n á ròyìn ajá tó sọnù, wọ́n á ròyìn ológbò tó gun igi tí kò lè sọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í dárúkọ wa àfi bí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí ìwé ìròyìn Nàìjíríà kan ní ilé ìkàwé. Ó ti pé oṣù mẹ́ta, ẹnì kan sì ti fi abẹ gé àárín rẹ̀ lọ. Mo ka èyí tó kù títí dé orí ìpolówó ọṣẹ. Mo ka ìpolówó ọṣẹ náà lẹ́ẹ̀mejì, omi sì ń bọ́ lójú mi bí ẹni tí wọ́n nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí lọ́rì Jẹ́ẹ́dé máa ń gbé bọ̀ láti Ṣakí, ẹ bá mi máa ra ẹyọ kan. Ẹ má fi ránṣẹ́, nítorí èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ léṣìí kò dé ọ̀dọ̀ mi títí di òní. Ẹ kàn bá mi tọ́jú rẹ̀. Bí mo bá dé lọ́dún 1985, màá jókòó sábẹ́ igi òrí ẹ̀yìnkùlé, màá kà á láti orí ti àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ kan tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ kan, títí yóò fi dà bí ẹni pé mi ò kúrò nílé rí.

Ọmọ yín,
Àwáwù Àṣàkẹ́.


Ògbóòro
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 1983

Àṣàkẹ́ mi,

O kú òtútù, o kú ìlú onílùú, o kú ẹ̀kọ́. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí a ríran búburú sí ara wa. Ọ̀ṣẹ́nì ka lẹ́tà rẹ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, mo fún un lómi, mo ní kó tún un kà. Ìpolówó ọṣẹ gba ìlà mẹ́rin níbẹ̀, ìlera rẹ gba ìlà kan. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ yín láti máa kọ̀wé sí bàbá ẹni nìyẹn?

O ní kí n tọ́jú ìwé ìròyìn. Ta lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀? Èmi tí mo ń tọ́jú èbù iṣu láti ọdún dé ọdún. Inú àpótí ni mo kọ́kọ́ fi í sí. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ikán ti jẹ etí ti àkọ́kọ́. Mo bá kó wọn gorí àjà, lókè ààrò, níbi tí àgbàdo irúgbìn wà. Kòkòrò kì í fẹ́ràn èéfín. Bébà náà á pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀rọ̀ kò ní parẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ dé ló wà nísàlẹ̀, tuntun ló ń gorí rẹ̀. Lẹ́tà tìrẹ náà, àárín ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó bá wọlé ni mò ń fi í sí. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀sẹ̀.

Mo ní kí Ọ̀ṣẹ́nì máa ka díẹ̀ fún mi kí n tó gbé e gòkè. Ó ń fò ó. Mo rí àwòrán lọ́rì tó dojú dé, mo ní kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó ní òwú ti gbówó lórí. Láti ìgbà tí dókítà Ṣakí ti sọ pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló ti ń ṣe mí bí ẹyin. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ èyí.

Ìyá rẹ ì bá wà láyé, òun ni ì bá máa gun àkàbà lọ tò wọ́n. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mi ò pe Fàtímọ̀ nínú ilé yìí kí ẹnì kan dáhùn. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí àlùjánnà. Ìwọ nìkan ló kù tí mò ń dúró dè.

Bàbá rẹ, Ràmọ́nì.
Ọ̀ṣẹ́nì ló bá mi kọ ọ́.


Líìdì
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì, ọdún 1984

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin. Ó ti tó oṣù mọ́kànlá tí mo ti dákẹ́. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo kọ tí mo sì fà ya. Bùrọ̀dá Ọ̀ṣẹ́nì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ka èyí bó ṣe wà.

Bàbá, mo bímọ. Obìnrin ni. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kọkànlá ni mo bí i. Ẹnikẹ́ni kò so yìgì fún wa. Ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀, a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Amẹ́ríkà, òun á padà ká lọ bá àlùfáà. Kò padà, kò sì kọ̀wé. Mo ti dá ẹ̀kọ́ dúró. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, obìnrin ará Jàmáíkà kan ló ń bá mi mú ọmọ dání.

Èmi nìkan ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo pe ìrun sí i létí bí ẹ ṣe máa ń pè é sí ọmọ titun létí. Fàtímọ̀ ni mo sọ ọ́. Ó ní kòtò kékeré ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ibi tí ti Màámi wà gan-an. Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù a máa bà mí.

Mo fẹ́ wálé. Mo fẹ́ gbé e wá fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣàdédé já wọlé kí wọ́n máa fi yín ṣẹ̀sín ní mọ́ṣáláṣí. Gbólóhùn kan péré ni mò ń tọrọ: kí ẹ ní kí Bùrọ̀dá kọ “Ẹ máa bọ̀” sínú lẹ́tà yín. Màá kó aṣọ mi jọ lọ́jọ́ tí mo bá rí i, màá di ẹrù.

Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ má bú mi. Mo mọ̀ yín. Bí inú yín kò bá dùn sí ọ̀rọ̀, ẹ kì í pariwo, ọ̀rọ̀ oko lẹ máa ń dá sílẹ̀. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Mọ́nsúrù wá tọrọ ilẹ̀ etí odò, iṣu lẹ fi dá a lóhùn títí ó fi dìde, tó gbọn aṣọ rẹ̀. Bí lẹ́tà yín bá jẹ́ ti oko nìkan, mo ti gbọ́ nìyẹn. Mi ò ní béèrè mọ́.

Ọmọ yín,
Àṣàkẹ́.


Ògbóòro
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, ọdún 1984

Àwáwù Àṣàkẹ́,

O kú ọjọ́ púpọ̀. Lẹ́tà rẹ dé, wọ́n sì ti kà á fún mi. Mo gbọ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sí èyí tí mo fẹ́ fi kún un.

Òjò tètè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Mo kọ ẹbè tó pọ̀ ju ti èṣí lọ, mo sì ti gbin iṣu sí gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ etí odò ni mo fi sí ọkà bàbà. Màlúù àwọn Fúlàní wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí, wọ́n sì fún mi ní wàrà. Òwú kò ṣe dáadáa. Igi òrí ẹ̀yìnkùlé so wọ̀ǹtìwọ̀ǹtì, ewúrẹ́ ló ń jẹ èyí tó ń já bọ́ nítorí kò sí ẹni tó ń ṣà á.

Ìwé ìròyìn ń gorí ara wọn. Láti ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba ni wọ́n ti nípọn díẹ̀. Àjà ti ń dún bí mo bá tẹ̀ ẹ́, mo ti fi òpó kan tì í nísàlẹ̀.

Iṣu nìkan ni mò ń rò báyìí. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ kó ta, a ó dúpẹ́.

Bàbá rẹ, Ràmọ́nì.
Ọ̀ṣẹ́nì ló bá mi kọ ọ́.


Líìdì
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1984

Bàbá,

Ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo rí ìdáhùn yín, mo sì gbà á. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣu yín ta.

Ẹ má ra ìwé ìròyìn mọ́. Ẹ kó èyí tó wà lórí àjà fún àwọn alákàrà.

Àwáwù.


Ògbóòro
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kọkànlá, ọdún 1984

Àṣàkẹ́ mi,

Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?

Ọ̀ṣẹ́nì ka lẹ́tà rẹ. Ó ní o kí mi, o sì ní kí n kó ìwé ìròyìn fún alákàrà. Mo ní ṣé ó parí nìyẹn? Ó ní ó parí. Mo ní ṣé o fi Àṣàkẹ́ sí ìdí rẹ̀? Ó wú ikọ́, ó ní rárá. Ọmọ tí kò jẹ́ orúkọ tí mo ń pè é, kí ni mo ṣe fún un?

Mi ò kó wọn fún ẹnikẹ́ni o. Níkẹ́ alákàrà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà níbi kan, ó gbé agbọ̀n wá sẹ́nu ọ̀nà mi lówùúrọ̀. Mo ní kó gbé agbọ̀n rẹ̀ kúrò kí n tó fi àbàrá kí i. Ọjọ́ tí o kò sí níbí ni mo tò sókè yẹn. Wọ́n fẹ́ fi pọ́n àkàrà!

Ó ti wá ń dà mí láàmú pé mò ń ṣọ́ ohun tí mi ò lè jẹ. Nítorí náà mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Tíṣà wa ń jẹ́ Àpọ́nlé, kò ju ọjọ́ orí rẹ lọ. Lẹ́yìn ìrun àsárì ni a máa ń pàdé. Ó fi pátákó kékeré lé mi lọ́wọ́, ó ní “Bàbá, ẹ kọ A.” Ṣọ́ọ̀kì kán mọ́ mi lọ́wọ́. Ọwọ́ tó di ọkọ́ mú fún àádọ́ta ọdún kò mọ bí a ti ń di ohun tó fúyẹ́ mú.

Kọ̀wé sí mi. Bú mi bó bá jẹ́ èébú lo fẹ́. Àárò rẹ ti ń di àìsàn sí mi lára.

Bàbá rẹ, Ràmọ́nì.
Ọ̀ṣẹ́nì ló bá mi kọ ọ́.


Ògbóòro
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹrin, ọdún 1985

Àṣàkẹ́ mi,

O kò fèsì. Gbogbo ọjọ́ tí lọ́rì Jẹ́ẹ́dé bá dé ni mo ń lọ dúró. Kò tíì pa ẹ́ńjìnnì tó fi ń mi orí sí mi.

Ọdún 1985 tí o dá nìyí. Mo ti gbálẹ̀ abẹ́ igi òrí. Lánàá mo ka àkọlé kan tán láìsí ìrànlọ́wọ́: “Wọ́n Gbẹ́ Kànga Sí Ìlú Kan.” Mo pariwo, àwọn ará ilé rò pé ejò ni.

Bàbá rẹ, Ràmọ́nì.
Ọ̀ṣẹ́nì ló bá mi kọ ọ́.


Ògbóòro
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 1985

Àṣàkẹ́,

Ọwọ́ mi nìyí. Má rẹ́rìn-ín sí i. Tíṣà Àpọ́nlé fẹ́ bá mi tún un kọ, mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Mò ń ka ìwé ìròyìn orí àjà láti ìsàlẹ̀ wá sókè, gẹ́gẹ́ bí o ṣe ní wàá kà á. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan mo fa ti oṣù Kẹta ọdún 1984 yọ. Lẹ́tà rẹ já bọ́ láti inú rẹ̀. Mo ní ẹ wò ó, mo ti mọ̀wé báyìí, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ọmọ mi láìsí agbọ̀rọ̀sọ.

Ìwé ọwọ́ rẹ le ju ti ìwé ìròyìn lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kà á. Ọjọ́ kìn-ín-ní, mo dé ibi tí o ti ní o bímọ. Mo rò pé mo ṣì í kà. Mo padà sẹ́yìn, mo fi ìka tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wà. Ọjọ́ kejì mo dé ibi orúkọ. Àṣàkẹ́, mo sunkún. Àgbàlagbà ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin jókòó lórí àkàbà, ó ń sunkún, ewúrẹ́ sì dúró ó ń wò ó. Ọjọ́ kẹrin ni mo dé ibi tí o ti ní bí mo bá sọ̀rọ̀ oko, o ti gbọ́ nìyẹn.

Mo pe Ọ̀ṣẹ́nì. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ oko. Mo pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun kò lè kà á fún mi, ìdí nìyí tí òun fi kà á bíi pé o kàn kí mi ni. O rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe kú? Ọ̀ṣẹ́nì ló ka wáyà fún un pé ọmọ rẹ̀ kan ti kú ní Kánò, lójú ẹ̀ ni àbúrò mi ṣubú lulẹ̀ tí kò dìde mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti búra pé òun kò ní fi ẹnu òun pa àgbà mọ́. Ó ní òun fẹ́ dúró kí ẹ̀jẹ̀ mi rọlẹ̀ díẹ̀ kí òun tó sọ ọ́, ọjọ́ sì ń gorí ọjọ́. Lẹ́tà méjì tí mo ní kó kọ sí ọ lẹ́yìn ìyẹn, kò fi wọ́n ránṣẹ́, kí o má bàa mọ̀ pé mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ó mú wọn wá láti inú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì rẹ̀. Mo fi wọ́n mọ́ èyí. Mo ti forí jì í, nítorí ọmọ àbúrò mi ni, mo sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kò ní ka lẹ́tà rẹ fún mi mọ́ láéláé.

Iṣu tí mo kọ nípa rẹ̀ nígbà yẹn, iṣu lásán ni. Ọkà bàbà ni ọkà bàbà. Inú kankan kò bí mi. Mi ò mọ nǹkan kan.

Àwọn ará mọ́ṣáláṣí á sọ̀rọ̀. Kí wọ́n sọ. Bí ebi bá pa wọ́n, wọ́n á lọ sílé. Ó dùn mí pé o kò so yìgì, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé ìwọ nìkan lo pe ìrun sí ọmọ mi létí, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tí o tì.

Mo wá ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tí o bí i. Ó wà níbẹ̀, ó ti pọ́n, òórùn èéfín sì wà lára rẹ̀. Mo kà á tán, mò ń wá a. Wọ́n kọ nípa bọ́ọ̀lù, wọ́n kọ nípa owó orí, wọ́n kọ nípa afárá tó wó. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ pé Fàtímọ̀ ti padà wá sáyé. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sí etí rẹ̀ fúnra mi.

Mi ò mọ̀ bóyá o ṣì wà ní ojúlé tí mo kọ sẹ́yìn àpò ìwé yìí. Mi ò mọ̀ bóyá o ṣì ń ṣí lẹ́tà tó bá ti Ògbóòro wá. Ọmọ náà á ti máa sáré kiri báyìí, á ti máa sọ̀rọ̀, mi ò sì mọ èdè tó ń sọ. Lálẹ́ àná mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ, mo pe orúkọ yẹn sókè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, mo mọ̀ pé ẹnì kan wà láyé tó yẹ kó dáhùn.

Gbólóhùn kan lo tọrọ. Mo kọ ọ́ sórí pátákó ní ìgbà ogún kí n tó kọ ọ́ síbí, kó má bàa wọ́.

Àṣàkẹ́, Fàtímọ̀, ẹ máa bọ̀.

Bàbá yín,
Ràmọ́nì.
Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́.